Ìyà Ìgbà Èwe àti Ìlera Àgbà: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a kọ ìpínrọ̀ kúkúrú kan pé ìyà tó bá jẹ ènìyàn kí ó tó pé ọmọ ọdún 18, yálà lílù, èébú, ìfipábánilòpọ̀, àìrítọ̀ọ́jú tàbí ìjà àwọn òbí, lè hàn nínú ìlera rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà. A kò rò pé ìpínrọ̀ yẹn yóò mú lẹ́tà tó pọ̀ tó báyìí wá. Àwọn kan sọ pé òru ni àwọn kọ tiwọn, àwọn mìíràn sì sọ pé àwọn kò tí ì sọ ọ̀rọ̀ náà létí ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín àwọn ọmọdé kí n tó máa dáhùn ìbéèrè ní ojú ewé yìí, síbẹ̀ ara mi bù máṣọ bí mo ṣe ń ka àwọn lẹ́tà náà. Mo ti yọ gbogbo ohun tó lè jẹ́ kí a dá ẹnikẹ́ni mọ̀ kúrò, mo sì ti gé àwọn kan kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Obìnrin ẹni ọdún 46 ni mí. Ọdún mẹ́ta nìyí tí mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ ni n kì í mu sìgá, n kì í sì í mu ọtí. Ní oṣù tó kọjá, dókítà tuntun kan bi mí bí ìgbà èwe mi ṣe rí. Ẹnu yà mí, nítorí kò sí dókítà tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó bàbá mi ló tọ́ mi, kò sì sí ọjọ́ tí kò nà mí tàbí kí ó sọ fún mi pé n kò lè wúlò láéláé. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Báwo ni ohun tó ti kọjá láti ìgbà yẹn ṣe lè dé inú ẹ̀jẹ̀ mi lónìí? Àbí mo kàn ń wá ẹni tí n óò di ẹ̀bi rù ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, àbúrò mi. Ẹ kò wá ẹni tí ẹ ó di ẹ̀bi rù. Irú ìbéèrè tí dókítà yín bi yín ló yẹ kí ọ̀pọ̀ oníṣègùn máa bi ènìyàn, bí wọ́n sì ṣe dé ìdí rẹ̀ ní ìtàn.

Ní nǹkan bí ọdún 1985, dókítà kan tó ń jẹ́ Vincent Felitti ń darí ètò ìtọ́jú fún àwọn tó sanra jù ní ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà. Ohun tó dà á láàmú ni pé àwọn tí ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́ fún gan-an, tí ara wọn ti ń fúyẹ́, ni wọ́n ń sá kúrò níbẹ̀. Nígbà tó jókòó tì wọ́n láti gbọ́ ìtàn ayé wọn, ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àgbàlagbà kan ti fipá bá lò pọ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àti pé lójú àwọn kan, ara tó tóbi yẹn jẹ́ ibi ìsádi. Òun àti dókítà Robert Anda, tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, wá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láàárín ọdún 1995 sí 1997, wọ́n sì bi àwọn àgbàlagbà tó lé ní 17,000 léèrè nípa ohun tí ojú wọn rí kí wọ́n tó pé ọdún 18. Nígbà tí wọ́n ṣe àṣeparí àkójọ wọn, oríṣi ìpọ́njú mẹ́wàá ni wọ́n ń kà: kí wọ́n máa lu ọmọ ní àlùbami, kí wọ́n máa bú u tàbí dẹ́rù bà á, kí wọ́n bá a ṣe ìṣekúṣe, kí ó má rí ìtọ́jú ara, kí ó má rí ìfẹ́, kí wọ́n máa lu ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀, kí ará ilé kan jẹ́ ọ̀mùtí tàbí ẹni tó ń lo oògùn olóró, kí ará ilé kan ní àìsàn ọpọlọ, kí ará ilé kan wà lẹ́wọ̀n, àti kí àwọn òbí pín yà.

Wọ́n tẹ àbájáde àkọ́kọ́ jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1998. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n bi léèrè, nǹkan bí ìdá 64 nínú 100 ló ti rí ó kéré tán oríṣi kan nínú àwọn ìpọ́njú wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn yìí ló kàwé dáadáa, tí wọ́n sì ní adójútòfò ìlera. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé tálákà nìkan. Bí oríṣi ìpọ́njú tí ènìyàn rí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i. Bí a bá fi àwọn tó rí oríṣi mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wé àwọn tí kò rí ọ̀kankan, ewu pé kí wọ́n di ọ̀mùtí, kí wọ́n lo oògùn olóró, kí wọ́n ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tàbí kí wọ́n gbìyànjú láti pa ara wọn fi ìlọ́po 4 sí 12 ga jù. Ti àrùn ọkàn àti ti àrùn rọpárọsẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì, ti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró onígbà pípẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ ó sọ pé àwọn tó ń mu sìgá àti ọtí nìyẹn. Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan nìyẹn: ẹni tí inú rẹ̀ ń gbọgbẹ́ yóò wá ohun tí yóò fi pa ìrora náà, ohun tó sì mú ìrora náà dákẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan lè pa ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì wà, òun ló kàn yín, ó sì gba inú ara fúnra rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí ọmọ bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó máa ń lù ú, ọpọlọ rẹ̀ á ránṣẹ́ sí ara, ara á sì tú omi méjì tí wọ́n ń pè ní adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti fún ọmọ náà ní agbára àtisá tàbí àtijà. Ohun tó dára ni Ẹlẹ́dàá fi sí wa lára, ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ló sì yẹ kó fi ṣiṣẹ́. Bí ewu bá kọjá, tí àgbà kan sì gbé ọmọ náà mọ́ra, ara á padà sípò. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Harvard, tí Jack Shonkoff jẹ́ aṣíwájú wọn, ti ṣàlàyé pé ohun tó ń sọ ìdààmú di májèlé fún ọmọdé ni pé kí ó le, kí ó máa wá léraléra, kí ó má sì sí àgbà kankan tí yóò fọkàn ọmọ náà balẹ̀. Ẹ wá wo ọmọ tó jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó gbé e mọ́ra gan-an ni ewu náà. Ìgbà wo ni ara rẹ̀ yóò sinmi?

Ara tí kò sinmi á kọ́ àìsinmi. Apá kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ṣọ́ ewu. Nínú ọmọ tó ti rí ìyà púpọ̀, apá náà á di ẹ̀ṣọ́ tí kì í sùn, bí ẹni tí ejò ti bù jẹ rí tó ń sá fún ekòló. Cortisol pẹ̀lú, tó yẹ kó máa pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun ara, ìyẹn àwọn tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n dáwọ́ dúró nígbà tí ìjà bá tán, á pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ débi pé wọn kò ní gbọ́ àṣẹ rẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni ara á máa gbóná lábẹ́lẹ̀ bí ẹ̀yinná tí a kò pa tán, ooru náà á sì máa ba iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá jẹ́. Ní ìlú Dunedin ní New Zealand, àwọn olùwádìí ti ń tẹ̀lé àwọn ọmọ bíi 1,000 tí wọ́n bí ní ọdún 1972 sí 1973. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ọmọ ọdún 32, àmì ooru abẹ́lẹ̀ yìí pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fìyà jẹ ní kékeré.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an, àwọn olùwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà fi ọdún 23 wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn 394 léraléra, láti ìgbà tí púpọ̀ nínú wọn wà lọ́mọdé títí wọ́n fi dàgbà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, kò sí ìyàtọ̀ tó hàn gedegbe. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti rí oríṣi ìpọ́njú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ga ní kíákíá ju ti àwọn yòókù lọ. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé fi lè dákẹ́ títí di ìgbà tí ẹ pé ogójì ọdún.

N kò sọ pé ìyàwó bàbá yín nìkan ló fa àìsàn yín. Ọjọ́ orí, ohun tí a jogún látọ̀dọ̀ òbí, iyọ̀, àti bí ara ṣe tóbi tó, gbogbo wọn ló ń dá sí i, kò sì sí ẹni tó lè fi òṣùwọ̀n pín in. Ẹ má ṣe jáwọ́ nínú oògùn yín. Ẹ padà lọ bá dókítà yẹn, kí ẹ sọ fún un ohun tí ẹ kọ sí mi, nítorí ẹni tó mọ̀ pé oorun yín ń já, tàbí pé àyà yín ń já nígbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé ohùn sókè, yóò tọ́jú yín dáadáa ju ẹni tó ń wo nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ yín nìkan lọ. Ẹ máa sùn tó, ẹ máa rìn lójoojúmọ́, ẹ sì jẹ́ kí ó so yín pọ̀ mọ́ onímọ̀ tó ń tọ́jú ọgbẹ́ ọkàn, bí irú rẹ̀ bá wà nítòsí. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó bàbá yín sọ fún yín nígbà èwe yẹn, irọ́ ni.

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin ẹni ọdún 29 ni mí. Mo rí àwọn ìbéèrè mẹ́wàá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń ka ìpọ́njú ìgbà èwe, mo dáhùn wọn, mo sì gba 7. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti gba 4 sókè yóò ṣàìsàn, kò sì ní pẹ́ láyé. A fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé kí n sọ fún àfẹ́sọ́nà mi pé kó wá ẹlòmíràn? Ṣé àwọn ọmọ mi yóò jogún rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá, arákùnrin mi, ẹ má ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Inú mi bàjẹ́ pé wọ́n fi nọ́ńbà dẹ́rù bà yín tó báyìí, nítorí wọn kò ṣe é fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìbéèrè mẹ́wàá yẹn ń ka oríṣi ìpọ́njú, kì í ka iye ìgbà tàbí bó ṣe le tó. Ọmọ tí wọ́n fi ìyà kan jẹ fún oṣù kan àti èyí tí wọ́n fi ìyà náà jẹ fún ọdún mẹ́wàá, 1 kan náà ni wọ́n máa gbà. Kò béèrè nípa òṣì, ogun, tàbí ìfìyàjẹni láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, kò béèrè ẹni tó dúró tì yín. Ó wúlò láti fi wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òjò yóò pọ̀ lọ́dún yìí kò tíì mọ ilé tí omi yóò wọ̀. Dókítà Anda tí mo dárúkọ lókè, tó wà lára àwọn tó dá ìwádìí náà sílẹ̀, kọ̀wé pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2020 láti kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi nọ́ńbà náà sọ ọjọ́ iwájú ẹnì kan ṣoṣo.

Ohun tó lè gbé yín ró wà nínú ìwádìí mìíràn. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Emmy Werner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé gbogbo ọmọ 698 tí wọ́n bí níbẹ̀ ní ọdún 1955 láti inú oyún títí wọ́n fi di àgbàlagbà. Nínú àwọn tí wọ́n bí sínú òṣì, ìjà, ọtí àmujù tàbí àìsàn ọpọlọ òbí, ìdá kan nínú mẹ́ta dàgbà di ènìyàn tó dúró ṣinṣin, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì mọ ìfẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n wá ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n rí ni pé àgbà kan ti fà wọ́n mọ́ra ní kékeré, ì báà jẹ́ ìyá àgbà, olùkọ́ tàbí aládùúgbò. Nínú àwọn tó yapa nígbà ọ̀dọ́ pàápàá, ọ̀pọ̀ ló ti rí ọ̀nà padà kí wọ́n tó pé ogójì ọdún, nígbà míì nípasẹ̀ iṣẹ́, nígbà míì nípasẹ̀ ìgbéyàwó pẹ̀lú ẹni tó ṣe é fọkàn tán.

Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin pẹ̀lú, àwọn olùwádìí bi àwọn àgbàlagbà tó lé ní 6,000 léèrè nípa ohun rere méje tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọdé, irú bíi kí ó lè sọ ohun tó ń dùn ún fún ará ilé rẹ̀, tàbí kí ó kéré tán àgbà méjì tí kì í ṣe òbí rẹ̀ máa ṣe ìtọ́jú rẹ̀ tọkàntọkàn. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé àwọn tó rí mẹ́fà tàbí méje nínú wọn kì í sábà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi ti àwọn tí kò rí ju méjì lọ, kódà láàárín àwọn tí ìpọ́njú wọn pọ̀.

Ní ti àwọn ọmọ tí ẹ ó bí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n fìyà jẹ ní kékeré kì í fìyà jẹ ọmọ tiwọn. Ohun tó sábà máa ń gé okùn náà ni pé kí òbí mọ ìtàn ara rẹ̀, kí ó sì ní ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè bá sọ òótọ́. Nítorí náà, ẹ sọ fún àfẹ́sọ́nà yín, kì í ṣe láti lé e lọ, bí kò ṣe kí ó lè mọ ẹni tí ó fẹ́ bá rìn. Bí èrò àtipa ara yín bá sì wá nínú ìbẹ̀rù yìí, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ fún ẹnì kan tàbí kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Èmi àti ìyàwó mi máa ń jà gan-an, ariwo rẹ̀ sì máa ń pọ̀. Ọmọ wa ò tíì pé ọdún kan. Ìyá ìyàwó mi ń sọ pé à ń pa ọmọ lára, èmi sì ní ọmọ tí kò tíì gbọ́ èdè, kí ló fẹ́ rántí?

Ìdáhùn: Ìyá ìyàwó yín jàre. Ọmọ yín kò ní rántí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń kọ́ bí ayé ṣe rí. Ní yunifásítì Oregon, àwọn olùwádìí ya àwòrán ọpọlọ àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lásìkò tí wọ́n ń sùn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ohùn tó ń bínú. Ọpọlọ àwọn tí òbí wọn ń jà nílé dáhùn sí ohùn ìbínú náà ju ti àwọn yòókù lọ, nínú oorun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ní ìlú Bucharest ní Romania, wọ́n fi kèké yan àwọn kan láàárín ọmọ 136 tó wà nílé ìtọ́jú tí kò ti sí ẹni tó ń gbé wọn mọ́ra, wọ́n sì fi àwọn tí kèké mú sọ́dọ̀ òbí alágbàtọ́. Àwọn tó dé ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ kí wọ́n tó pé ọdún méjì ni ara àti ọpọlọ wọn sàn jù. Ọdún àkọ́kọ́ kì í ṣe ọdún tí ọmọ ò mọ nǹkan kan.

N kò ní kí ẹ má ṣe ní èdèkòyédè. Ẹ yẹra fún igbe àti lílù, ẹ jáde bí inú bá ti ń ru, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ náà rí yín nígbà tí ẹ bá parí ìjà.

Ìbéèrè: Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí. Mo búra nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé n kò ní na ọmọ mi bí ìyá mi ṣe nà mí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbá ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, mọ́ ògiri nítorí pé ó da omi nù. Ojú tó fi wò mí, ojú tí mo fi máa ń wo ìyá mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ìdáhùn: Lẹ́tà yín ni mo kà jù lọ nínú gbogbo wọn. Ìyá tó lè mọ ojú ara rẹ̀ lára ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ léwu, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fojú kékeré wò ó, nítorí orí ọmọ ọdún mẹ́fà kò le bí ògiri. Bí ó bá ti ń pariwo orí fífọ́, tí ó ń bì tàbí tí ó ń sùn jù lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ sì sọ òótọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ kúnlẹ̀ kí ojú yín lè bá tirẹ̀ dọ́gba, kí ẹ sọ pé, “Ohun tí mo ṣe kò dára. Ìwọ kọ́ ló fà á. Iṣẹ́ mi ni láti má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ mọ́.” Àwọn kan gbà pé òbí tó bá bẹ ọmọ ti ta ọlá rẹ̀ nù. N kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n kò bẹ̀ yóò rò pé òun ló burú, èrò yẹn gan-an ló sì ń bá àwọn àgbà tó ń kọ lẹ́tà sí mi títí di òní.

Ẹ wá ṣọ́ ara yín fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa kọ wákàtí tí ìbínú náà ń dé sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé àárẹ̀, ebi, gbèsè tàbí àìsùn ló máa ń ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe omi tí ọmọ dà nù. Bí ẹ bá ti mọ wákàtí náà, ẹ lè bẹ ẹnì kan kí ó bá yín mú àwọn ọmọ fún ìgbà díẹ̀ ní àsìkò yẹn gan-an. Nígbà tí ọwọ́ bá fẹ́ gbéra, ẹ gbé ọmọ síbi tí kò séwu, ẹ kúrò nínú yàrá náà, ẹ mí jinlẹ̀ títí àyà yín yóò fi rọlẹ̀.

Ní ti nínà fúnra rẹ̀, ní ọdún 2016 àwọn onímọ̀ méjì ṣe àkópọ̀ ìwádìí 75 lórí àwọn ọmọ tó lé ní 160,000 lórí kí òbí máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu ọmọ ní ìdí, ní apá tàbí ní ẹsẹ̀. Wọn kò rí i pé ó mú ìwà ọmọ dára sí i, ìwà ipá àti ìdààmú ọkàn ni wọ́n rí. Sweden ti fi òfin ka nínà ọmọ léèwọ̀ láti ọdún 1979, òun sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí, àwọn tó tẹ̀lé e ti lé ní 60. Ẹ̀kọ́ títọ́ ọmọ tí ilé ìwòsàn tàbí àjọ aláàánú ń ṣe fún òbí wà ní ibi púpọ̀, ẹ lọ wá a. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ kò tó ìyá. Nígbà tí wọ́n rán nọ́ọ̀sì láti máa bẹ àwọn aláboyún tó wà nínú ìṣòro wò nílé ní Elmira ní New York, láti ìparí àwọn ọdún 1970, tí nọ́ọ̀sì náà sì ń wá títí ọmọ fi pé ọdún méjì, ìwádìí ọdún 15 lẹ́yìn náà rí i pé ẹ̀sùn ìfìyàjẹ ọmọ dín kù ní nǹkan bí ìlàjì nínú ilé wọn. Ìrànlọ́wọ́ ni àwọn ìyá náà rí, kì í ṣe ìbáwí.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, máa ń yọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù méjì sẹ́yìn, ó ti dákẹ́, ó ń sùn ní kíláàsì, kì í sì fẹ́ lọ sílé. Kí ni kí n ṣe, tí n kò fi ní ba ilé onílé jẹ́?

Ìdáhùn: Ilé tí ọmọ ń sá fún ti ń bàjẹ́ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ìyípadà yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ń fìyà jẹ ẹ́, ó lè jẹ́ ọ̀fọ̀ tàbí àìsàn, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí àgbà gbọ́dọ̀ bá dúró.

Ẹ wá ibi tí kò ti sí ariwo, tí ojú ẹlòmíràn sì lè rí yín, kí ẹ sọ fún un ohun tí ẹ rí: “Mo rí i pé inú rẹ kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì fẹ́ mọ bí ara rẹ ṣe rí.” Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ lọ́la. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ nínú pẹ̀lú ìbéèrè tó ti ní ìdáhùn nínú, irú bíi “Ṣé bàbá rẹ ni?”, nítorí ó lè ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ nílé ẹjọ́. Ẹ má ṣe ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, àti pé ẹ ó wá ẹni tó lè dáàbò bò ó.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ sì fi tó ẹni tí òfin ibi tí ẹ wà yàn fún ìdáàbòbò ọmọ létí ní ọjọ́ náà. Ẹ má ṣe lọ ko ẹni tí ẹ fura sí lójú fúnra yín, nítorí ọmọ náà ni yóò jìyà rẹ̀ ní alẹ́.

Ìbéèrè: Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ọ̀rọ̀ òbí ni. Ṣé ìjọba ò ní ohun tó lè ṣe ni?

Ìdáhùn: Ó ní, ó sì pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ó tó bílíọ̀nù kan ọmọ ọdún 2 sí 17 tó ń rí ìwà ipá láàárín ọdún kan ṣoṣo, kò sì sí bí ìyá kan ṣe lè dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbé. Ní ọdún 2016, àjọ náà àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ gbé ọ̀nà méje jáde tí orílẹ̀-èdè lè gbà dín in kù. Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣòfin kà lẹ́ẹ̀mejì ni ti owó. Òbí tí kò mọ ibi tí owó ilé yóò ti wá ń bá ìdààmú kan náà tí mo ṣàlàyé lókè jà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ni wọ́n sún mọ́ ọn jù. Ètò tó bá fi owó díẹ̀ lé irú òbí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tàbí tó fún un ní ìsinmi ìbímọ, ètò ìlera ni.

Ìbéèrè: Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wo bí bàbá rẹ̀ ṣe ń lu ìyá rẹ̀. Ó ń tọ̀ sílé lóru, ó sì máa ń fo sókè bí ìlẹ̀kùn bá dún. Ṣé kò ti pẹ́ jù? Àgbàlagbà ni mí, n kò kàwé púpọ̀.

Ìdáhùn: Kò pẹ́ jù, ìyá àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ọmọ náà nílò jù lọ́wọ́ yín kò gba ìwé kíkà. Ọpọlọ ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣì ń kọ́ ara rẹ̀, yóò sì máa kọ́ ọ títí di ìgbà tí ó bá lé ní ọmọ ogún ọdún. Ohun tí ẹ̀ṣọ́ tí kì í sùn nínú rẹ̀ ń dúró dè ni ẹ̀rí pé ewu ti kọjá, ẹ̀rí náà sì gbọ́dọ̀ wá lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ kí àkókò oúnjẹ, àkókò ìwẹ̀ àti àkókò oorun máa bọ́ sí wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Kí ẹ tó ṣí ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ẹ pe orúkọ rẹ̀ ná. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ sọ wákàtí tí ẹ ó dé, kí ẹ sì dé ní wákàtí náà.

Ẹ má ṣe bá a wí, ẹ má sì ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìtọ̀ òru. Ẹ pààrọ̀ aṣọ ibùsùn láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n lè rí i dájú pé kò sí àìsàn mìíràn níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà náà nípa ìtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn fún ọmọdé. Irú ìtọ́jú kan wà tí ọmọ àti àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ máa ń jọ ṣe ní ìpàdé bíi 12 sí 16, ìwádìí púpọ̀ sì ti fi hàn pé ó ń ran irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó lè béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ìyá òun wà ní àlàáfíà, tàbí bóyá òun ló yẹ kí òun ti dá ìjà náà dúró. Ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́ pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ẹ jókòó lórí ibùsùn rẹ̀, ẹ sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ fún un ní ọ̀rọ̀ kékeré, ẹ sọ fún un pé kò sí ọmọdé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá àgbà lẹ́kun, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ.